Kóòṣì àlòkù di ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀: ibi tí a ti ń gé, ibi tí ayùn kì í kàn

Mọ́dẹ̀lì ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ńlá, èyí tó ń sáré lórí irin oní-45 mm (àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì nìyẹn), ṣòro láti rà ní odindi. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀. Iye tí wọ́n sì ń pè é, kí a má tíì ka owó ẹni tó máa bá wa gbé e wá sí Ìlọrin láti òkè òkun, kì í ṣe owó tí èèyàn fi ń ṣeré. Èyí tí àlòkù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ni kóòṣì èrò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n 1:29, ìyẹn ni pé 29 mm ti kóòṣì gidi di 1 mm, irú èyí tí USA Trains àti Aristo-Craft ṣe. Aristo-Craft ti kógbá sílé láti 2013, nítorí náà àlòkù nìkan ni tiwọn tí ẹ máa rí. Kóòṣì bẹ́ẹ̀ la máa gé, tí a máa sọ di ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ New York.

Ìbú ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Kóòṣì èrò Amẹ́ríkà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn mítà 3.05. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ New York pín sí ọ̀nà méjì: ti A Division, tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínṣì 9 lọ, àti ti B Division, tí òun náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ní 1:29, ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ 105 mm. Òrùlé kóòṣì tí ẹ rà ti bá ti B Division mu ní ìbú kí ẹ tó mú ayùn rárá, òrùlé ló sì le jù láti fọwọ́ ṣe, torí pé ó tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ A Division máa ní láti la òrùlé gbọọrọ láti orí dé ìdí, kó yọ 13 mm kúrò láàárín, kó sì tún un lẹ̀ pọ̀. Oríkèé yẹn máa gùn tó 54 cm, òkè pátápátá níbi tí iná ti ń tàn sí i ló sì máa wà. Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Nínú B Division náà, èwo ni ká kọ́? Gbogbo èèyàn fẹ́ràn R32, èyí tí ilé iṣẹ́ Budd ṣe ní 1964 sí 1965, kóòṣì 600, tó sáré títí di oṣù kìíní 2022. Irin tí kì í dípẹtà ni ara rẹ̀, wọ́n sì ká a ní ìlà-ìlà gbọọrọ tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn lẹ̀rù rẹ̀: ọ̀kan ṣoṣo tó bá wọ́, ojú á rí i láti ìta géètì. Tèmi ni pé kí ẹni tó ń ṣe àkọ́kọ́ mú R27 tàbí R30, tí St. Louis Car Company ṣe láti 1960 sí 1962, tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì kúrò lójú irin ní 1993. Ara wọn dán, ẹ̀gbẹ́ wọn tẹ́jú, ilẹ̀kùn mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà ni wọ́n sì kùn wọ́n. Kò sí ìlà kankan tó máa tú yín fó.

Àwọn kan máa ń bèèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe 1:32, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló bá irin 45 mm mu ní tòótọ́. Òótọ́ ni. Irin New York fẹ̀ tó 1435 mm. Bí ẹ bá fi 45 pín in, 31.9 lẹ máa rí. Ní 1:29, ó yẹ kí irin fẹ̀ tó 49.5 mm, nítorí náà kóòṣì yín máa dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí pèpéle bá ti bo ẹ̀gbẹ́ kan, kò sẹ́ni tó máa rí i, kóòṣì tí a sì fẹ́ gé, 1:29 ló wà. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà tí ẹ máa sọ pé kí la fẹ́ fi New York ṣe nígbà tí réluwéè ń kọjá níwájú ilé wa: ojú irin àtijọ́ yẹn, 1067 mm ni, bí ẹ bá sì fi 45 pín in, ó di 23.7. 1:24 ni tiyín nìyẹn, lórí irin kan náà. Ẹ má ṣáà da àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ga ní mítà 1.70 jẹ́ 71 mm ní 1:24, 59 mm péré ni ní 1:29. Ẹ gbé wọn sórí pèpéle kan náà, ọ̀kan á di òmìrán.

Ìwọ̀n tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ògiri níwájú tábìlì iṣẹ́ nìyí, gbogbo rẹ̀ fún kóòṣì oníẹsẹ̀ bàtà 60 ti B Division ní 1:29:

gígùn ara: 633 mm
ìbú: 105 mm
gíga láti orí irin dé òrùlé: 127 mm
gíga ilẹ̀ kóòṣì láti orí irin: 39.5 mm
láti àárín bógì kan (férémù tó gbé wíìlì lábẹ́ kóòṣì) dé àárín èkejì: 469 mm
láti ọ̀pá wíìlì kan dé èkejì nínú bógì: 72 mm
wíìlì: nǹkan bí 30 mm
ojú ilẹ̀kùn: 44 mm

Gígé

Ẹ kọ́kọ́ tú kóòṣì palẹ̀ pátápátá: ilẹ̀, àga, gíláàsì, òrùlé bó bá ṣeé yọ. Lẹ́yìn náà ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Nínú ti USA Trains, ẹ lè bá èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù pàdé. Òun náà ṣeé gé, ṣùgbọ́n àwọn gọ́ọ̀mù tí mo máa dárúkọ kò ní mú un. Bó bá jẹ́ ike, ẹ fi ìgbálẹ̀ kan kán asitóònù, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, sí inú ibi tó fara sin. Bí ibẹ̀ bá rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ABS tàbí polystyrene ni, gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ike máa mú un. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ má fi gọ́ọ̀mù ṣòfò. Síkúrù lẹ máa lò.

Kóòṣì èrò tó gùn pé, ẹsẹ̀ bàtà 85, jẹ́ 893 mm. 633 la ń wá, nítorí náà 260 mm gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ má gé e láàárín. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é, kí orí àti ìdí kóòṣì má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n orí àti ìdí kóòṣì èrò kò jọ ti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ rárá, a ó ṣe tuntun ni. Ẹ gé 130 mm kúrò lórí, ẹ gé 130 mm kúrò ní ìdí, òrùlé àárín á wà ní odindi láìní oríkèé kankan. Bí èyí tí ẹ rà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti dín kù nílé iṣẹ́, tí kò tó 633, nígbà náà ni ẹ máa nílò kóòṣì kejì láti fi gùn ún. Ẹ jẹ́ kí oríkèé bọ́ sí ibi tí etí ilẹ̀kùn máa wà, kí ẹ sì lẹ ike tó nípọn tó 2 mm, tó fẹ̀ tó 30 mm, mọ́ inú òrùlé lẹ́yìn rẹ̀. Láìsí ike yẹn, oríkèé á là lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ di kóòṣì mú láàárín gbé e.

Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí onígi mẹ́ta fún yín, ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjì, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 106 mm, kó sì la ojú ayùn sí i ní gígún régé. Ẹ fi sẹ́lótéèpù oníbébà yí ara kóòṣì ká, ẹ fa ìlà yí i ká pẹ̀lú rúlà onígun. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà àti òpin rẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé. Bí wọn kò bá pàdé, rúlà yín kò gún tàbí kóòṣì ti tẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ gé e títí ẹ ó fi mọ èwo ni. Bíléèdì ayùn irin oníehín 32 ní ínṣì kan ló dára. Ẹ gé e ní 1 mm sí òde ìlà. Ẹ má sáré: bí ayùn bá gbóná, ike á yọ́, á sì tún lẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn bíléèdì, ẹ ó kàn máa gé ibi kan náà ni. 1 mm tó kù, ẹ tẹ́ sáńpépà 120 sórí gíláàsì tó tẹ́jú, ẹ fi ẹnu kóòṣì yí i lórí rẹ̀ títí ìlà á fi kù díẹ̀, kí ẹ wá fi 240 parí rẹ̀.

Gíga ló máa ń gbàgbé lọ́kàn èèyàn. Kóòṣì èrò ga tó 142 mm láti orí irin, 127 mm la fẹ́, nítorí náà 15 mm gbọ́dọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ojú kan ṣoṣo. Ilẹ̀ kóòṣì èrò wà ní nǹkan bí 44.7 mm, ti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wà ní 39.5 mm, torí pé ó gbọ́dọ̀ bá pèpéle dọ́gba kí èrò lè wọlé láìgun àtẹ̀gùn. 5 mm àkọ́kọ́ ń bọ̀ láti ibi tí bógì ti so mọ́ ilẹ̀: ẹ fá orí ìjókòó bógì kúrò ní ìwọ̀n yẹn. 10 mm tó kù ń bọ̀ láti ara ẹ̀gbẹ́, tí a ó ṣe ní tuntun. Ẹni tó bá yọ gbogbo 15 mm lára ẹ̀gbẹ́ máa ní kóòṣì tí fèrèsé rẹ̀ pẹlẹbẹ, tó sì jókòó sókè bí ẹni tó gun àpótí. Ẹ ṣọ́ra lẹ́yìn tí ẹ bá ti fá ìjókòó bógì. Etí wíìlì tó yọ síta máa dé nǹkan bí 33 mm sókè, àlàfo tó kù lábẹ́ ilẹ̀ kò ju 3.5 mm lọ bí ilẹ̀ yín bá nípọn tó 3 mm. Orí síkúrù kan tó yọ níbẹ̀ tó láti gbé wíìlì kúrò lórí irin ní kọ́nà.

Bógì

Bógì kóòṣì èrò gùn jù: nínú oníwíìlì mẹ́rin, ọ̀pá wíìlì méjèèjì jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínṣì 6, tó jẹ́ 89 mm. 72 mm la fẹ́. Ẹ gé férémù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín, ẹ yọ 17 mm, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà. Oríkèé náà kò rẹwà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ fi ara rẹ̀ bò ó fún yín: igi kan máa ń wà láàárín àpótí ọ̀pá wíìlì méjèèjì, òun ló gbé bàtà irin tó ń fa iná láti ara irin kẹta, èyí tó ń gbé iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹ gé igi yẹn láti ara ike 4 mm, kí ó gùn tó 50 mm, ẹ lẹ̀ ẹ́ bo oríkèé, kí ẹ sì fi síkúrù kékeré méjì dì í mú láti ẹ̀yìn. Ohun tó ń fi ẹwà kún un náà ló ń dì í mú.

Ihò tuntun fún bógì wà ní 234.5 mm láti àárín kóòṣì sí apá kọ̀ọ̀kan. Àárín ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti etí, torí pé àṣìṣe tó bá wà nínú gígé etí á ran ihò méjèèjì. Bógì kan gbọ́dọ̀ lè yí nìkan. Èkejì gbọ́dọ̀ lè yí kó sì tún lè mì sí ọ̀tún àti òsì díẹ̀. Wọ́ṣà tóóró kan lábẹ́ èkejì tó. Bí méjèèjì bá le, wíìlì kan á máa rìn lójú òfuurufú níbikíbi tí irin kò bá ti tẹ́jú. Ẹ fi káálípà wo ẹ̀yìn wíìlì sí ẹ̀yìn wíìlì: nǹkan bí 40 mm ni. Àlòkù tó ti jábọ́ rí sábà máa ń fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbì kan.

Kọ́nà

Èyí ló yẹ kí èèyàn rò kó tó ra ohunkóhun. Bí kóòṣì bá wọ kọ́nà, àárín rẹ̀ á yọ sínú, etí rẹ̀ á yọ síta. Fún àárín, ẹ fi 469 lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi rédíọ̀sì lọ́nà mẹ́jọ pín in. Fún etí, ẹ fi 633 lọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ ti 469 kúrò, ẹ fi nǹkan kan náà pín in. Lórí kọ́nà kékeré tó ń bá ọ̀pọ̀ rélùwéè inú páálí ti ilé iṣẹ́ LGB wá, tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 600 mm, àárín máa yọ 46 mm, etí 38 mm. Kò ṣeé lò. Kóòṣì á fi gbogbo ara já síta. Ní 1220 mm ó di 22.5 àti 18.5. Ní 1500 mm, 18 àti 15. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó lọ sí ìsàlẹ̀ 1500 pẹ̀lú kóòṣì yìí. Ìyẹn ni pé àgbàlá tí kò fẹ̀ tó mítà 3 àti ààbọ̀ kò lè gba òbírí kan yípo, ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ bá kọ́, ògiri inú kọ́nà gbọ́dọ̀ jìnnà sí àárín irin tó 76 mm ní rédíọ̀sì 1500: ìdajì ìbú kóòṣì, 52.5, àti 18 tí àárín yọ, àti 5 fún àlàfo kí wọ́n má bàa kanra. Ìgun inú kóòṣì méjì tó tẹ̀lé ara náà máa sún mọ́ra ní nǹkan bí 22 mm, nítorí náà ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ fi àlàfo 25 mm sílẹ̀ láàárín wọn. Lójú irin tó nà tàn-ìn, àlàfo yẹn á dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ ṣe ìgun kóòṣì roboto díẹ̀, kí ẹ lè dín in kù sí 22.

Ẹ̀gbẹ́ tuntun

Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi 6 mm sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé láti lẹ tuntun mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tuntun jẹ́ ìpele mẹ́ta: nínú, Perspex funfun tó ń fi inú hàn, 2 mm, lóde, ike pẹlẹbẹ 1 mm tí a ti gé fèrèsé àti ilẹ̀kùn sí, àti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, 0.5 mm, tí a lẹ̀ mọ́ Perspex nínú ihò ilẹ̀kùn. Báyìí ilẹ̀kùn á wọnú ju ara kóòṣì lọ ní 0.5 mm. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní tòótọ́, torí ilẹ̀kùn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń wọ́ lọ sínú ògiri nígbà tó bá ṣí. Mọ́dẹ̀lì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yọ síta, ó ti di bọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ yọ nínípọn ìpele wọ̀nyí kúrò nínú ìbú ilẹ̀ kóòṣì kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí 3 mm lápá kọ̀ọ̀kan á sọ 105 di 111.

Ẹ wá fọ́tò tí wọ́n yà ní ọ̀kánkán gan-an, kì í ṣe láti ìgun pèpéle. Ẹ gbé e sínú CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ẹ fà á títí gígùn ara á fi di 633 mm. Ẹ wá wọn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: bí ti apá ọ̀tún bá jẹ́ 44 tí ti apá òsì jẹ́ 41, fọ́tò náà wọ́, ẹ wá òmíràn. Gbogbo fèrèsé gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ kò ní ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Fèrèsé tó bá fi ìdajì mílímítà ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, òun lojú á kọ́kọ́ rí.

Àwọn tó ń ṣe páálí ìpolówó nígboro ló ní ẹ̀rọ lésà. Perspex ni kí ẹ kó fún wọn. Bọ́ọ̀dù PVC kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ lésà: èéfín rẹ̀ ní klórínì, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń jẹ irin ẹ̀rọ oníṣẹ́ náà. Bí ẹ bá máa fi PVC ṣe ìpele òde, ọ̀bẹ àti rúlà irin ni, tàbí ẹ̀rọ tó ń fi bíìtì gbẹ́ ẹ. Lésà máa ń jẹ nǹkan bí 0.2 mm lọ lójú ibi tó gé. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn á máa mì nínú ihò rẹ̀. Etí Perspex tí lésà gé kò fẹ́ràn ọtí àti tínà rárá. Bí ẹ bá fi ìkankan nínú wọn nù ún, ìlà wẹ́wẹ́ á yọ sí i bí ẹni pé ó ń là. Omi ọṣẹ ni.

Àwọn oníṣẹ́ páálí ń fi klorofọ́ọ̀mù lẹ Perspex mọ́ Perspex, ó sì ń mú dáadáa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Fún ẹ̀gbẹ́ kóòṣì wa, mi ò lò ó níbi tí ojú fèrèsé wà, torí ẹ̀kán kan tó bá ṣàn á sọ fèrèsé di kùrukùru. Àràlídáìtì díẹ̀díẹ̀ láàárín fèrèsé ló dára jù.

Ẹ má lẹ Perspex mọ́ ara álúmíníọ̀mù ní gbogbo gígùn rẹ̀. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 30 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì gòkè, Perspex tó gùn tó 633 mm á gùn sí i ní nǹkan bí 1.3 mm, álúmíníọ̀mù kò ní ju nǹkan bí 0.4 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn kò níbi tó máa lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ á wú síta. Láàárín oṣù kẹta ní Ìlọrin, kóòṣì tó wà lóòrùn yára gba ìwọ̀n 30 yẹn láti òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ẹ lẹ àárín rẹ̀ le, kí ẹ jẹ́ kí orí àti ìdí máa yọ̀ nínú ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ 3D tó ń fi ike tẹ nǹkan jáde, ẹ má lo ike PLA fún ohunkóhun tó máa rí oòrùn; ní nǹkan bí ìwọ̀n 60 ó ti rọ̀. PETG tàbí ABS ni.

Gọ́ọ̀mù àti ojú ọjọ́

Sùpà gúlù ń gbẹ nípa ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ fúrúfúrú, ẹ ó rí i pé ó pẹ́ kó tó mú, ẹ ó sì máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ mí sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nígbà òjò, wéré ló ń mú, ṣùgbọ́n èéfín funfun á bò fèrèsé tó wà nítòsí. Ẹ má lò ó nítòsí gíláàsì láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án. Asitóònù àti gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ike ní ìṣòro tiwọn: lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n ti fẹ́ lọ kí ojú méjèèjì tó pàdé, oríkèé á dà bí ẹni pé ó mú, á sì já lọ́la. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni iṣẹ́ wọn. Fún oríkèé òrùlé, ẹ há ẹ̀rún ABS láti ara ohun tí ẹ gé dànù, ẹ pò ó mọ́ asitóònù nínú ìgò kékeré títí á fi nípọn bí ẹ̀kọ. Òun náà ni ike kan náà, kò ní là níbi tí bọ́dì fílà àwọn pánẹ̀lì bítà máa ń là.

Agbára

Irin kẹta New York ń gbé fóòtì 625, ti Blue Line Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023 ń gbé 750. Tiwa, ẹwà lásán ni. Ẹ má fi iná sí i. Bàtà tó ń fa iná á máa fò ní gbogbo ibi tí ojú irin ti pín. Iná tó ń gba irin ìsàlẹ̀ náà, erukú ọyẹ́ àti ìpata idẹ ò ní jẹ́ ẹ sinmi. Bátìrì ló tọ́.

Méjì-méjì ni R27 àti R30 ń rìn ní tòótọ́, tí wọ́n so pọ̀ láìtú, tí wọ́n sì pín ẹ̀rọ láàárín ara wọn. Àwa náà á ṣe bẹ́ẹ̀: mótò àti ohun tó ń darí eré sínú ọ̀kan, bátìrì àti ihò ṣájà sínú èkejì, wáyà méjì pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì láàárín wọn. Ẹ ra bógì onímótò tó ti ní gíà irin nínú. Mótò aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọ Poly fi ń ṣe róbọ́ọ̀tì, ti fóòtì 3 sí 6, gíà rẹ̀ jẹ́ ike. Kóòṣì méjì tó wúwo tó kílò mẹ́ta á jẹ eyín rẹ̀ tán.

Bátìrì 18650 mẹ́rin ní ìtòtẹ̀léra jẹ́ fóòtì 14.8, 16.8 bó bá kún. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan gbọ́dọ̀ máa lọ ní mítà 0.77 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 1:29, 14.8 sì tó fún mótò tí wọ́n ṣe fún 18 sí 24 láti dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yọ bátìrì láti ara láptọ́ọ̀pù tó ti kú, ẹ sọ èyíkéyìí tó bá wà lábẹ́ fóòtì 2 nù. Ẹ ṣáàjì ìyókù dé 4.2, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá jábọ́ sí ìsàlẹ̀ 4.0 kò wúlò. BMS oní-4S, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ṣeé yọ sílẹ̀. Láìsí i, èyí tó rẹ̀ jù nínú mẹ́rin á tú tán pátápátá nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí ẹ bá sì tún ṣáàjì, ibẹ̀ ni iná ti ń jó. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́jú, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ nínú oòrùn.

Wíìlì onímótò nílò ìwúwo lórí. Òjé tí fọ́kánáísà fi ń bálánsì táyà mọ́tò ló rọrùn jù, ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, wọ́n sì ti kọ gíráàmù sí i lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 200 g ní òkè bógì onímótò gan-an, kì í ṣe ní àárín kóòṣì.

Ọ̀dà àti iná

Ọ̀dà mọ́tò dára, tínà rẹ̀ ló burú: ó ń yọ́ polystyrene. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fín in fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìrì, kó jẹ́ kó gbẹ, kó tún fín in. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó tutù jìnnìjìnnì ti pọ̀ jù. Ọjọ́ tí òjò bá ṣú, ẹ má fín nǹkan kan. Ọ̀rinrin á wọ inú ọ̀dà, á sì funfun bí eérú. Fún R30, pupa tó ṣú, tí wọ́n kùn wọ́n ní àwọn ọdún 1980, ló rọrùn. Fún R32, ẹ kọ́kọ́ fi dúdú tó ń dán sí i, kí fàdákà tó wá sórí rẹ̀. Fàdákà lórí pràímà eléérú á dà bí páànù.

Inú òrùlé, ẹ fi dúdú kùn ún kí ẹ tó fi funfun kùn ún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iná á máa yọ láti ara ike ní alẹ́. LED funfun tútù ni kí ẹ rà, èyí tó pupa rúsúrúsú kò bá a mu, torí iná gbọọrọ onífúlúọ́rẹ́sẹ́ǹtì ló wà nínú wọn. Oní-fóòtì 12 ṣeé gé ní LED mẹ́ta-mẹ́ta. 60 cm kan ń mu nǹkan bí ampere 0.24. Ẹ gbé e gba ara ẹ̀rọ kékeré tó ń dín fóòtì kù sí 12, torí bátìrì tó kún máa fún un ní 16.8, LED á sì jó dúdú láti ìdí wáyà síwájú. Bí ẹ bá ti dín in kù sí 11, á tún pẹ́ sí i, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n.